Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Atamátàsé

Mo kọ́kọ́ jọ ìyẹ̀fun píòpí tí mo fi ń ṣe àjà yàrá lẹ́ẹ̀mejì. Ajọ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni mo fi jọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, mo sì yọ́ èyí tí ìyàwó mi ń lò nílé ìdáná mú fún ẹ̀ẹ̀kejì, torí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í ṣe àjà yàrá. Bí kóró bá wà lára àjà yàrá, ta ló máa gun àkàbà lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé sẹ́nu géètì pápá, tí tọmọdé tàgbà yóò máa fọwọ́ pa, kóró kan ṣoṣo lára rẹ̀ á dà bí eéwo.

Mo bu omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé ìyẹ̀fun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì tíì pò wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá po píòpí kí ẹni tó ni iṣẹ́ tó dé, òkúta ló ń pò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tó ń ṣàn bí omi ọṣẹ á ti le bí eegun.

Iṣẹ́ àjà yàrá ni iṣẹ́ mi. Mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Àjà kan ló já lulẹ̀ nínú yàrá tí mo háyà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Dípò kí n bá onílé jà, mo kó àfọ́kù rẹ̀ jọ, mo sì tú u wò bí ẹni tú rédíò. Mo rí fọ́nrán wínníwínní tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ kó má baà sán. Mo rí ipa igi tí wọ́n fi ṣe òdòdó etí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe é, ó sì ti lé ní ogún ọdún díẹ̀ tí àjà tí mo ṣe ti ń wo àwọn ènìyàn nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ tí mo ń dúró dè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Atamátàsé ni. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn, torí bó bá ti ta á, kì í tàsé. Góòlù kan wà tó gbá wọlé láti àárín pápá, tí àwọn bàbá ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ tó ń tún pápá ìlú ṣe fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà. Wọ́n ní kí n fi píòpí gba bí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣe rí gan-an, kí n da sìmẹ́ǹtì funfun sínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà dúró sẹ́nu géètì títí ayé.

Ìyàwó mi ní kí n má gbà á. Ó ní ṣé ọwọ́ tèmi ni mo fẹ́ fi ṣe ère fún ẹni tó ba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣí. Ó ní òun ti gbọ́, kí n sáà rántí pé aago kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú pápá yẹn ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Òun ló ń gé koríko rẹ̀, òun ló ń na okùn láti òpó dé òpó, tó ń fi ẹfun fa ìlà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyẹ̀fun ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá kan, tí ojú pápá ti kún láti àárọ̀, Atamátàsé ṣubú nígbà tí wọn kò tíì gbá bọ́ọ̀lù tó ogún ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Kí wọ́n tó gbé e dé ìta, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan: inú ihò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí. Ta ló ń tọ́jú pápá?

Lóòótọ́, ihò kan ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dí i ní ọjọ́rú, kó tó di ọjọ́ àbámẹ́ta tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Garawa èrùpẹ̀ mẹ́ta ló dà sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bu omi sí i, ó tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ti rọ́ wọ inú pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ro gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníhò ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pààrọ̀ ilé-ìwé torí "ọmọ Oníhò" tí wọ́n ń pè é. Ọ̀bẹ àti àdá ló ń pọ́n báyìí nínú ìsọ̀ kan tí kò ju ibùsùn lọ, bó bá sì fẹ́ lọ sí apá ibi tí pápá wà, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, tó jìn ní ìlọ́po méjì.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń tẹnu mọ́ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ó ní òun rí Atamátàsé nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún nígbà tí àwọn yòókù kò tíì wọ bàtà, ó sì rọra ń tiro. Wọ́n ní ìlara ni. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mi ò gbàgbé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ṣé ihò wà níbẹ̀ àbí kò sí? Bó bá wà, kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá sí, kí wọ́n dá orúkọ ẹ̀gbọ́n mi padà fún un.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n mú ọkùnrin náà dé. Alága ìgbìmọ̀, ìyá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ṣáájú rẹ̀. Kí n tó ṣílẹ̀kùn tán, àdúgbò ti kún. Aránṣọ iwájú ilé wa fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń ranni. Fọgaláísà tó ń lẹ táyà ní kọ̀rọ̀ sì mú un lọ́wọ́, kò fẹ́ fi sílẹ̀, ó ń sọ ibi tóun dúró sí lọ́jọ́ góòlù náà, ẹni tó wà lápá ọ̀tún òun, ẹni tó wà lápá òsì.

Atamátàsé ti sanra. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó kí mi kí n tó kí i, mo sì fura sí ìyẹn náà. Ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún, tó wá ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá ó níwà, bóyá ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Mo ní kí alága jókòó síta torí eruku, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà sórí àpótí tí mo tẹ́ ọ̀rá sí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ibi ọrùn ẹsẹ̀ ni kí n dúró sí, kí n má kọjá ibẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ tí kò ní ọrùn, bàtà ló máa jọ. Ibẹ̀ á tún tín-ín-rín jù. Ọmọ kan á kàn sọ òkúta lù ú, á sì kán."

"Ó kúkú ti kán rí," ló wí, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín.

Ó gbà nígbẹ̀yìn kí n gba ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ṣùgbọ́n ó yí ẹsẹ̀ náà títí inú rẹ̀ fi kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́, kó má fi pamọ́ síbi tí iṣẹ́ náà máa dé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Èèyàn á fi fasilín pa ẹsẹ̀ dáadáa, kí píòpí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Á fi òróró pa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á tẹ́ ẹ láti ojúgun sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀, gba àárín ọmọ ìka, gba àtẹ́lẹsẹ̀, gun gìgísẹ̀ padà sókè. Á wá fi píòpí bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó bá le dé ìwọ̀n ọṣẹ tútù, á fa okùn náà jáde, okùn á sì là á sí méjì rẹ́gírẹ́gí bí ẹni la obì. Bó bá gbẹ tán, á ṣí i bí ẹni ṣí ìwé.

Mo pa apá òde ẹsẹ̀ náà tán. Mo wá lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti pa apá inú. Ibẹ̀ ni mo ti rí àpá náà.

Àpá iná ni, díẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó gùn tó ìka ọwọ́, ó ń dán, ojú gbọọrọ mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀ tí iná kò kàn. Mo mọ ojú mẹ́ta yẹn. Alùpùpù ni mo fi ń kó àpò píòpí kiri. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bo sàlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n sì lu ojú gbọọrọ mẹ́ta sí irin náà kí ooru lè máa tú. Ó jó ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àpá tiẹ̀ kò ju èékánná lọ, kò sì ní ojú kankan, torí ẹni tí iná bá kàn á fa ẹsẹ̀ yọ. Kí àpá tó lè ya àwòrán irin sílẹ̀ ketekete báyìí, ẹsẹ̀ yẹn kò rí ibi fà sí. Alùpùpù ló dùbúlẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Atamátàsé kò gbà kí ọ̀kankan nínú wọn gun alùpùpù. A tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ẹyin ni ẹsẹ̀ wọn.

Mo po píòpí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní ó ń gbóná, ṣé kò sí wàhálà? Mo ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n ti fi iná lé omi jáde lára òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, ní báyìí tó ti rí omi gbà padà, ooru tó gbà lọ́jọ́ náà ló ń dá padà. Ó ronú sí i. Ó ní ṣé ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn án lè mọ ìgbà tó jiná nípa ooru rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ti ń tutù padà ni. Mo gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo fa okùn. Ó là á dáadáa. A dúró. Apá òde ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wá di apá inú mú, mo rọra fà á. Atamátàsé lọgun.

Mo tún fà á díẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ àpótí mú, omi sì lé sójú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo ṣe. Ojú mi ti wà lára àpá, ọwọ́ mi sì ti gbàgbé fasilín. Mo pa ẹsẹ̀ dé ọrùn, mi ò pa òkè ọrùn tó jẹ́ onírun ní apá inú yẹn, píòpí sì ti di irun náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń di irin mú. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe àjà, kò sí àjà kankan tó hu irun rí.

Mo ní kó má mira. Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo fi búrọ́ṣì kékeré ń kán omi àti òróró sí etí rẹ̀, kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo ní á tó ìdajì wákàtí. Alága kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí o. Atamátàsé dáhùn pé kò sí, wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́.

Ó wá bi mí, bí ẹni tó fẹ́ gbàgbé ìrora, ta ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo ní mo kọ́ ara mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun. Mo ní ẹfun lòun fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, òun ló fa ìlà tó wà lórí pápá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn.

Atamátàsé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá wò mí.

"Àbúrò Oníhò ni ẹ́."

"Àbúrò ẹni tẹ́ ẹ sọ di Oníhò ni mí."

"O mọ̀ọ́mọ̀ dè mí mọ́lẹ̀ ni."

"Rárá o, ọ̀gá. Àṣìṣe mi ni, ẹ jọ̀ọ́. Àjà yàrá kì í hu irun. Ṣùgbọ́n mo ti rí àpá yẹn, irú alùpùpù tó ṣe é sì ni mò ń gùn."

Mo ń kán òróró lọ. Ohun tí mo ń gbọ́ kò ju ohùn aránṣọ níta, tó ń ṣàlàyé góòlù náà fún ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ẹnìkan tó fẹ́ràn rẹ̀ ló fún un ní alùpùpù náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí góòlù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ó ní kóun kàn gùn ún dé ìparí òpópó. Níbi tó ti fẹ́ yà ló yọ̀ ṣubú, alùpùpù náà sì dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ó bò ó mọ́ra. Ó di báńdéèjì mọ́ ọn, ó fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí kò bá sì jáde, èrò tó ti tò láti àárọ̀ á wó pápá lulẹ̀. Ó ní òun rò pé ẹsẹ̀ náà á rọ́jú. Kò rọ́jú.

"Mi ò sọ̀rọ̀," ló wí. "Mo wà nílẹ̀, ẹnìkan tẹ̀ ba lé mi, ó ní ṣé ihò ni. Orí ni mo mì. Àwọn tó kù ló sọ èyí tó kù."

Mo bi í pé ọdún mọ́kàndínlógún ńkọ́. Ó ní nígbà tóun gbọ́ pé wọ́n ti lé ẹ̀gbọ́n mi, òun wà lórí ibùsùn, òun ní bóun bá dìde òun á sọ ọ́. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń wúwo. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé ó ti máa ń sọ fún ara rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó di òun lọ́wọ́ mú tí kì í sọ ibi tó wà lọ́jọ́ góòlù yẹn; àwọn kan lára wọn, kò sí ayọ̀ mìíràn tó tó o. Bóun bá sọ òótọ́, góòlù tiwọn lòun fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìyẹn gan-an ló sì mú mi fura sí i. Mo ní, "Góòlù yẹn wọlé, ọ̀gá. Mo wà níbẹ̀ èmi náà. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò nínú àwọ̀n mọ́. Ihò ni mò ń béèrè."

Píòpí náà jábọ́ sí mi lọ́wọ́ láìpẹ́, pẹ̀lú irun Atamátàsé nínú rẹ̀. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde sáàárín èrò, mo sì gbọ́ bí ohùn wọn ṣe gbé e lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní àhámọ́ á sọ ohunkóhun. Kí ló máa wá sọ ní báyìí tí ẹsẹ̀ ti jáde?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá ọwọ́ dúró lórí àdá tó ń pọ́n. Mo rò pé á bínú sí mi pé mo gba iṣẹ́ náà. Ó kàn ní òun mọ̀ pé òun dí ihò yẹn, òun kò nílò kí ẹnìkan wá sọ fún òun. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó o ṣe, àbí? Ṣe é dáadáa. Ẹsẹ̀ yẹn kò purọ́ fún mi rí. Mo máa ń gé koríko pápá kúrú lápá ọ̀tún kí bọ́ọ̀lù lè máa yára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orí ló mì, ẹsẹ̀ kò mì." Ó dán ojú àdá náà wò pẹ̀lú àtàǹpàkò. "Àwọn èèyàn yìí ni wọn ò lè pín ẹsẹ̀ níyà kúrò lára orí."

Mo ṣe é dáadáa. Mo fi ẹ̀mú yọ irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọṣẹ pa inú píòpí náà lẹ́ẹ̀mẹta kí sìmẹ́ǹtì má baà gbá a mú, mo so apá méjèèjì pọ̀, mo da sìmẹ́ǹtì funfun sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi igi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fọ́ píòpí kúrò lára rẹ̀. Kò sí kóró kankan. Ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ jáde, èékánná jáde, eegun tó kán tí kò jinná gún jáde. Àpá náà sì jáde pẹ̀lú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lára ẹni tó ni ín lọ, torí sìmẹ́ǹtì kò ní àwọ̀ tó lè fi bò ó.

Alága wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn títí ojú rẹ̀ fi kan àpá. Ó ní kí n fi sáńpépà pa ìyẹn rẹ́, ẹsẹ̀ akọni kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ tó bá bèèrè. Mo ní, "Màmá, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló ni àpá. Ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́." Ó wò mí bí ọmọ tó ń sá fún iṣẹ́ ilé.

Atamátàsé dá wá ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, ó fa fìlà bo iwájú orí. Mo gbé ẹsẹ̀ náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, mo fi sáńpépà tuntun kan tì í. Mo ní iṣẹ́ tèmi ti parí, èyí tó kù ti yín ni. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo ń fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn sáńpépà náà lẹ́ẹ̀kan. Ohùn gígùn kan. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo ń retí ẹ̀ẹ̀kejì. Kò dún.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti ká sáńpépà náà, ó ti fi sápá kan. Ojú kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣá díẹ̀. Méjì tó kù wà bó ṣe wà. Ó ní kí n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi á wá lọ́la. Mo ní kì í gba ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí aṣọ lórí ẹsẹ̀ náà lẹ́nu géètì, ìlú pàtẹ́wọ́. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìyàwó mi. Atamátàsé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága. Kò pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ó ní kí wọ́n wo inú ẹsẹ̀ náà, lókè ọrùn. Ó ní alùpùpù ló ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

"Kò sí ihò ní pápá yìí lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti dí i. Mo jẹ́ kó ru ẹrù mi."

Ó wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ ni, pẹ̀lú orúkọ bàbá wa tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi di apá mi mú.

Ẹnìkan láàárín èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì gbà á, ó ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aránṣọ wa ń sunkún pé ènìyàn mélòó ló lè sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀. Fọgaláísà, tó jẹ́ pé Oníhò ló máa ń fi kí ẹ̀gbọ́n mi, ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ihò kankan níbẹ̀. Mi ò pàtẹ́wọ́. Ó purọ́, wọ́n ṣe é lẹ́ni ńlá. Ó sòótọ́, wọ́n tún ṣe é lẹ́ni ńlá sí i. Ẹni tó ru irọ́ náà fún ọdún mọ́kàndínlógún kò sí láàárín wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó wà. Bí ìyìn bá dà bí omi, ibi tó ti rin náà ló ń ṣàn lọ.

Ìgbìmọ̀ kò tún gbé iṣẹ́ kankan fún mi. Mo gbọ́ pé Atamátàsé lọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kejì, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì bèèrè.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ayẹyẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi yà sílé mi láàárọ̀, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ọ̀nà iwájú ló gbà. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó lóṣòó síwájú ẹsẹ̀ náà, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá àpá náà bó ṣe ń wá ojú àdá. Ó ka ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ náà dára. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó wo inú pápá.

"Ta ló fa ìlà yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀, bóyá àwọn ìgbìmọ̀ ni.

"Ó wọ́ bí ejò. Ṣé o ní okùn lọ́wọ́?"

Okùn tí mo fi la píòpí ṣì wà lápò iṣẹ́ mi. Kò gùn tó, a so mìíràn mọ́ ọn. Ó bèèrè fún omi, ó bèèrè fún ẹfun, ó da ẹfun sínú omi, kò da omi sínú ẹfun. Nígbà tí oòrùn fi máa wà láàárín ọ̀run, ìlà kan ti tọ́ láti òpó dé òpó, funfun báláú, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Fọgaláísà ń kọjá lójú ọ̀nà. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó sì kí ẹ̀gbọ́n mi, ó fi orúkọ rẹ̀ kí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, kò gbórí sókè. Ó ní kí n di okùn náà mú dáadáa, ó ku ìlà mẹ́ta.